Ohun Tó Ń Jò Lábẹ́ Ọkọ̀ Bàbá Mi

Páátì mọ́tò ni mò ń tà ní Ìkàrẹ́. Ìlà ṣọ́ọ̀bù wa gùn, ohun kan náà sì ni gbogbo wa ń tà: búréèkì, pílọ́ọ̀gì, béárìn, ọ́ìlì oríṣiríṣi. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìwà ọmọ ènìyàn, kó wá jókòó sídìí páátì. Àwọn èèyàn kì í wá sọ́dọ̀ wa nígbà tí nǹkan bá ń dùn. Ìgbà tó bá bàjẹ́ ni wọ́n ń rántí wa, wọ́n á sì gbé ìbínú dé bí ẹni pé àwa la bà á jẹ́. Ó ti mọ́ mi lára. Mo ti di ẹni tó jẹ́ pé bí mo bá pàdé ènìyàn, ohun tó ń dún lára rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ń gbọ́, kó tó kan ìkíni.

Lọ́jọ́ kan nígbà ọyẹ́, ọkùnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù tó tẹ̀ lé tèmi wọlé wá bá mi, ó ń rẹ́rìn-ín lọ́nà kan tí n kò fẹ́ràn. Ó ní, "Àǹtí, ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Bàbá o. Wọ́n tún ti wá ra gíá ọ́ìlì lọ́wọ́ mi lánàá."

Mo ní, "Bàbá wo?"

"Bàbá yín ti Ọ̀kà náà ni."

Ẹni tí kò bá tajà rí kò lè mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe ta mí lára. Bàbá tó bí mi lọ́mọ, èmi náà ń ta gíá ọ́ìlì, ó wá rékọjá ṣọ́ọ̀bù mi lọ rà á lọ́wọ́ ará ìta. Inú bí mi gidigidi, ṣùgbọ́n n kò jẹ́ kó hàn. Mo ní ó ṣeun, mo sì ń to pílọ́ọ̀gì tí mo ti tò tẹ́lẹ̀.

Nígbà tó lọ tán ni mo wá ro ọ̀rọ̀ náà wò. Ó ní wọ́n tún ti wá. Gíá ọtomátíìkì kì í mu ọ́ìlì bí ènìyàn ṣe ń mu omi. Bó bá ń béèrè fún un léraléra, á jẹ́ pé ó ń jò. Bó bá sì ń jò, tí bàbá mi gbé e pa mọ́ fún èmi ọmọ rẹ̀ tó ń ta páátì, ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Mo mọ ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Awakọ̀ ni bàbá mi láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀. Ọkọ̀ akẹ́rù ló wà, tó fi gbé kòkó, tó fi gbé pákó, tó fi gbé iṣu Ìkun àti ti Ìṣùà lọ sí ọ̀nà jíjìn, òun náà ló sì fi tọ́ wa. Nígbà tí orúnkún rẹ̀ òsì daṣẹ́ sílẹ̀, tí kò lè tẹ kílọ́ọ̀ṣì mọ́, a rò pé ó parí nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó wà ní Àbújá ló wá ra píkọ́ọ̀pù ọtomátíìkì fún un, tòkunbọ̀, nítorí pé ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan ni yóò máa lò. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ṣe ni Bàbá ń bú gíá náà. Ó ní mọ́tò tó ń pààrọ̀ gíá fúnra rẹ̀ dà bí ìyàwó tó ń dáhùn kí ọkọ tó la ẹnu. Nígbà tó yá, kò sí ẹni tó lè gba kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Òun ló ń gbé àwọn ará àdúgbò lọ sóko, òun ló ń gbé aboyún lọ sí ọsibítù, òun ló ń gbé àga àti ìkòkò bí ẹnì kan bá ń ṣe ìsìnkú. Gbogbo ọ̀nà tó wà láàárín Ọ̀kà àti Ìkàrẹ́, bí ọkọ̀ rẹ̀ bá ti ń kọjá, ọwọ́ ni wọ́n ń jù sí i.

Àmọ́ kó tó di pé ọyẹ́ dé, ó fi ara ọkọ̀ ha ògiri ilé wa, iná iwájú kan sì fọ́. Ó ní ẹni tó kọ́ ògiri náà ló gbé e síbi tí kò yẹ. Ògiri yẹn dàgbà jù mí lọ. Àwa ọmọ bá pe ara wa jọ lórí fóònù. Àwọn kan ní kó fi mọ́tò sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, èmi ní rárá, pé bí a bá gba mọ́tò lọ́wọ́ rẹ̀, kí ni yóò máa ṣe láti àárọ̀ dalẹ́? Níkẹyìn, ẹ̀gbọ́n mi gbé àdéhùn kalẹ̀, Bàbá sì gbà: níwọ̀n ìgbà tí mọ́tò yìí bá ṣì dáa, kó máa wà á. Ọjọ́ tí ẹ́ńjìnì tàbí gíá rẹ̀ bá kú, a kò ní tún un ṣe, a kò sì ní ra òmíràn. Ìdí nìyẹn tó fi ń yọ́ ra gíá ọ́ìlì bí ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń yọ́ mu sìgá.

Lọ́jọ́ kejì, mo ti ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn ọjà, mo wọkọ̀ lọ sí Ọ̀kà. Ara òkè ni ilé wa wà. Kò sí ibi tó tẹ́jú nínú ọgbà náà. Bí ọsàn bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ, ọ̀dọ̀ aládùúgbò ni wàá ti lọ tọrọ rẹ̀. Píkọ́ọ̀pù dúró síbi tó máa ń dúró sí, imú sókè, ìdí sísàlẹ̀, òkúta ńlá lẹ́yìn táyà. Mo rí i pé wọ́n ti da iyanrìn tuntun sábẹ́ rẹ̀. Àárín iyanrìn náà sì pupa.

Bàbá jókòó sórí àga rẹ̀, ó ń wò mí. Ohùn Ọ̀kà ló fi ń bá wa sọ̀rọ̀. Mo ti tún un sọ níbí lọ́nà tí gbogbo wa máa gbọ́.

Mo ní, "Bàbá, kí ló wà lábẹ́ mọ́tò yín?"

Ó ní, "Epo ni."

"Epo wo?"

"Epo pupa. Mo bá ìyá tó wà lókè yẹn gbé epo láti Ìkun. Kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ ló ń jò."

Irọ́ náà dára. Gíá ọ́ìlì pupa, epo náà pupa, ó sì jẹ́ òótọ́ pé ó bá ìyá náà gbé epo. Ẹni tí kì í ta páátì á gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n ọyẹ́ la wà. Lórí òkè Ọ̀kà nígbà ọyẹ́, epo pupa máa ń dì nínú ìgò débi pé ṣíbí la fi ń bù ú. Mo bẹ̀rẹ̀, mo fi ìka tọ́ èyí tó wà lójú iyanrìn, ó ṣàn lọ́wọ́ mi bí omi.

Mo na ìka náà sí i. "Bàbá, epo wo ni kì í dì nínú ọyẹ́?"

Ó wo ìka mi, ó wo ojú mi, ó ní, "Èyí tí a kò rà lọ́wọ́ ọmọ ẹni."

Mo rẹ́rìn-ín, kò sí bí n kò ṣe ní rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n inú ṣì ń bí mi. Òun náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá sọ ohùn rẹ̀ kalẹ̀ pé kí n má sọ fún ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní àràárọ̀ lòun ń yọ géèjì gíá wò, ìyẹn ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń mọ bí ọ́ìlì ṣe kún tó. Bóun bá rí i pé kò dé ojú ìlà, òun á bu díẹ̀ sí i. Ó ní ohun tó ya òun lẹ́nu ni pé bóun ṣe ń bù ú náà ló ń jò. Mo ṣèlérí pé n kò ní sọ nǹkan kan títí a ó fi mọ ibi tó ti ń jáde. Mo sun Ọ̀kà mọ́jú.

Ní òwúrọ̀, Bàbá wà wá lọ sí Ìkàrẹ́, èmi sì jókòó tì í. Gíá ni mo ń gbọ́, bóyá ó ń yọ̀, bóyá ó ń ta wá gbọ̀n kó tó gbé wa. Kò ṣe ìkankan nínú rẹ̀. Mo sọ fún Bàbá pé ara gíá yìí le, ó ní òun ti mọ̀.

Ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì kan tó ń tún ọtomátíìkì ṣe la lọ, oníbàárà mi ni, ènìyàn dáadáa tó fẹ́ràn ẹnu ara rẹ̀. Ó sùn sábẹ́ ọkọ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, kò pẹ́ tó fi jáde. Ó nu ọwọ́, ó ní, "Màdáàmù, síìlì iwájú ni. Àfi ká sọ gíá kalẹ̀."

Mo wo Bàbá. Ojú rẹ̀ rí bí ti ẹni tí dókítà sọ fún pé àfi kí wọ́n la inú rẹ̀. Gíá tí wọ́n bá sọ̀ kalẹ̀, gíá tó kú ni nínú àdéhùn wa.

Mo ti ta síìlì iwájú, rọ́bà tó ń dí ọ́ìlì mọ́ inú gíá, fún ọ̀pọ̀ èèyàn tó tún padà wá lọ́sẹ̀ kejì wá ra nǹkan mìíràn. Kì í ṣe pé àwọn mẹkáníìkì ń purọ́. Wọ́n ń kánjú ni. Ibi tí wọ́n bá ti rí ọ́ìlì ni wọ́n ń dá lẹ́bi. Bẹ́ẹ̀ ọ́ìlì kì í kán sílẹ̀ níbi tó ti jáde. Atẹ́gùn á gbé e, á gba ara irin lọ síbi tó bá wù ú kó tó já bọ́. Mo ní kó fọ gbogbo abẹ́ gíá náà mọ́, kó gbẹ, ká da àtíkè lé e lórí, kí wọ́n wa ọkọ̀ títí yóò fi gbóná, ká wá wo ibi tí àtíkè ti kọ́kọ́ rin.

Ó pòṣé. "Màdáàmù, ẹ̀ ń fi àkókò wa ṣòfò o."

Mo ní, "Ẹni tó bá fi sùúrù pa eèrà á rí ìfun rẹ̀."

Ó ní òun kò rí ohun tí ẹnikẹ́ni fẹ́ fi ìfun eèrà ṣe, ṣùgbọ́n ó lọ gbé omi àti ọṣẹ. Èmi lọ ra àtíkè ọmọdé. Obìnrin tó tà á fún mi béèrè pé ta ló bímọ. Mo ní mọ́tò ni.

Nígbà tí wọ́n fọ̀ ọ́ tán tó gbẹ, a da àtíkè lé e láti òkè dé ilẹ̀. Mẹkáníìkì wà á lọ sí Àkùngbá, ó gun òkè ibẹ̀, ó sì wà á padà. Bàbá jókòó sórí táyà kan dè é. Kò fẹ́ràn kí ẹlòmíràn wa ọkọ̀ rẹ̀, gbogbo ìgbà tó fi jókòó síbẹ̀ ló ń ka àbùkù bí ọkùnrin náà ṣe jáde ní ọgbà: pé ó ya ọwọ́ jù, pé ó tẹ̀ ẹ́ jù. Mo ń dá a lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo mọ̀ pé bí ó bá jẹ́ síìlì iwájú lóòótọ́, èmi ni yóò pe Àbújá, èmi ni yóò sì gba kọ́kọ́rọ́.

Bí ọkọ̀ ti dé, èmi náà sùn sábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ìró mi. Iwájú gíá, níbi síìlì, funfun ni. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ funfun. Páìpù méjì tó ń gbé ọ́ìlì lọ síbi tó ti ń tutù, funfun. Mẹkáníìkì yí tọ́ọ̀ṣì sókè, ibẹ̀ la ti wá rí i: ojú ọ̀nà pupa tẹ́ẹ́rẹ́ kan, tó ti orí gíá pátápátá sọ̀ kalẹ̀ láàárín àtíkè, níbi tí kò sí síìlì kankan rárá.

Ó wá bú sẹ́rìn-ín. "Ọ́ìlì ló pọ̀jù! Ibi tó ti ń mí ló ń gbà jáde!"

Gíá ní ihò kékeré kan lórí, ibẹ̀ ló fi ń mí. Bí ọ́ìlì inú rẹ̀ bá pọ̀jù, tó sì gbóná, á ru, á sì gba ihò yẹn jáde bí ògì ṣe ń ru bo ìkòkò tí a bu omi kún jù. Kò sí ohun tó já, kò sí ohun tó fọ́. Ohun tó ń jò lábẹ́ ọkọ̀ bàbá mi ni ohun tí bàbá mi ń bù sí i. Bó ṣe ń bù ú ló ń jò, bó sì ṣe ń jò ló ń bù ú.

Inú mi dùn, mo gbàgbé àtíkè tó wà ní irun mi. Mo jáde, mo sọ fún Bàbá pé òkè ni, òkè ilé wa ni. Ibi tó ń gbé ọkọ̀ sí kò tẹ́jú; bí imú ọkọ̀ bá wà lókè, ọ́ìlì á ṣàn sẹ́yìn, géèjì tó wà níwájú á sì máa sọ pé kò kún. Mẹkáníìkì ní òótọ́ ni, pé àwọn ará Ọ̀kà kò gbọ́dọ̀ yọ géèjì wò nílé. Bàbá dìde lórí táyà. Ó sọ fún gbogbo ẹni tó wà nínú ọgbà pé láti ìgbà tóun ti ń wa mọ́tò, òun kò rí òkè tó ń purọ́ rí. Àwọn èèyàn bá a rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo rí i báyìí.

Mẹkáníìkì ní kó wá wò ó níbi tó tẹ́jú, kó lè fojú ara rẹ̀ rí i. Ó jẹ́ kí ẹ́ńjìnì máa ṣiṣẹ́, ó fa géèjì yọ, ó nù ún, ó tì í padà sínú gíá, ó tún fà á yọ. Láti ibi tí mo dúró sí ni mo ti rí i. Ìlà méjì ló wà lára géèjì, ọ́ìlì sì ti ga ju ìlà òkè lọ tó ìwọ̀n ìka ọwọ́ kan. Ó nà án sí Bàbá.

Bàbá gbà á. Ó gbé e súnmọ́ ojú, ó gbé e jìnnà, ó yí i sí oòrùn. Ó fi àtàǹpàkò tẹ ìdí rẹ̀. Ó ní, "Kò tí ì dé ojú ìlà. Ó ṣì kù díẹ̀."

Mẹkáníìkì la ẹnu. Mo fojú sọ fún un pé kó pa á dé. Ó rọra gba géèjì lọ́wọ́ Bàbá, ó ní òun fẹ́ lọ wá ohun tí òun ó fi fa èyí tó pọ̀jù kúrò, ó sì pẹ́ níbi tó lọ ju bó ti yẹ lọ.

Òkè kò purọ́ fún ẹnikẹ́ni. Mo mọ ohun tí mo rí, n kò sì fẹ́ mọ̀ ọ́n.

Mo ní, "Bàbá, ìlà mélòó ló wà lára géèjì yẹn?"

"Ìlà kan." Ó tún ní, "Àbí méjì ni?"

"Méjì ni."

Ó mi orí. "Ó ti pẹ́ tí mi ò ti rí i. Ìka ni mo fi ń mọ̀ ọ́n. Ọ́ìlì tuntun kì í hàn lójú, ó mọ́ jù."

"Títì ńkọ́?"

"Títì kò ní wàhálà. Ọ̀nà tí mo ti ń gbà kí wọ́n tó bí ọ ni. Mo mọ ibi tí kòtò wà, mo mọ ibi tó ti yà."

"Àwọn èèyàn ńkọ́, Bàbá?"

Ó ń fi àkísà nu àtàǹpàkò rẹ̀, ó ń nù ún lẹ́yìn tó ti mọ́. Ẹ̀rù bà mí nígbà náà, ẹ̀rù tó ti yẹ kó bà mí láàárọ̀, nígbà tí a la Àkùngbá kọjá, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń sáré sọdá, tí ọ̀kadà ń bọ́ síwájú wa látọ̀tún látòsì. Mo jókòó tì í láàárọ̀ náà, gíá ni mo ń gbọ́.

Mẹkáníìkì padà dé, ó fa ọ́ìlì tó pọ̀jù kúrò, ó ní ọkọ̀ ti parí, pé gíá yìí á pẹ́ láyé. Kò wo ojú ẹnikẹ́ni nígbà tó ń sọ ọ́.

Bí a ti ń múra àtilọ ni ẹ̀gbọ́n mi pè láti Àbújá. Ẹnì kan ti sọ fún un pé òun rí mọ́tò Bàbá lọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Ìròyìn Ìkàrẹ́ kì í wọkọ̀ kó tó débẹ̀.

"Ṣé gíá ti kú ni?"

Mo ní, "Gíá kò ṣe nǹkan kan. Mọ́tò dáa." Òótọ́ ni mo sọ.

"Ó dájú?"

"Ó dájú."

"Ẹn-ẹ́n. Ó dáa, àdéhùn ni àdéhùn. Sọ fún Bàbá kí wọ́n máa wà á lọ."

Fóònù mi máa ń pariwo, Bàbá gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó yẹ kí n sọ ìyókù fún ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀rọ̀ ti dé ẹnu mi, ṣùgbọ́n n kò lè sọ ọ́ lójú ẹni tó ni ọ̀rọ̀. Mo ní màá pè é padà. Kọ́kọ́rọ́ ṣì wà lára ọkọ̀. Bàbá fi ọwọ́ ti bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ń tọ̀ ọ́ lọ díẹ̀díẹ̀, mo rò pé ẹnu ọ̀nà awakọ̀ ló ń lọ, mo sì ń wá ohun tí màá sọ tí kò ní dójú tì í. Ó gba iwájú ọkọ̀ kọjá sí ẹ̀gbẹ́ kejì, níbi ìjókòó èrò. Ó ṣí ilẹ̀kùn, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ wọlé, ó jókòó.

Kò jókòó síbẹ̀ rí láti ọjọ́ tí ọkọ̀ náà ti dé. Ó na ọwọ́ sí èjìká òsì, níbi tí bẹ́líìtì awakọ̀ máa ń wà, ó ń wá a, ó ń wá a, kò rí nǹkan kan dì mú. Mo ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀, mo fa èyí tó wà lọ́tùn-ún kọjá àyà rẹ̀, mo sì bá a dè é.